Lẹ́tà Tí Mo Fi Tọrọ Àyè fún Ọ Lọ́wọ́ Ọ̀gá Ogun

Ìṣẹ́-Èkìtì,
Ọjọ́ Kẹrìnlá, Oṣù Kẹwàá, 2002.

Dáraọlá ọmọ mi,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Ṣé o ń rí oorun sùn, ṣé oúnjẹ Àbújá ń bá ọ lára mu? Gbogbo wa wà, a dúpẹ́. Ọlọ́run tó mú ọ wọ iṣẹ́ ológun yóò máa ṣọ́ àlọ àti àbọ̀ rẹ. Kòkó ti pọ́n, ṣùgbọ́n òjò kò jẹ́ kí a rí oòrùn sá a. Yèyé rẹ ní kí n kọ́kọ́ kọ ìkíni òun kí n tó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ tèmi, nítorí ó mọ̀ mí.

Ọmọ mi, mo ti ṣe nǹkan kan, mi ò sì lè fi pamọ́ fún ọ. Nígbà tí lẹ́tà rẹ dé pé wọ́n ti gbé ọ lọ sí ẹ̀ka tuntun tí yóò máa fi kọ̀ǹpútà jagun, ọ̀rọ̀ jagun yẹn nìkan ni mo rí. Mo rántí Fẹ́mi, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, tó fi ẹsẹ̀ méjì lọ sógun Làìbéríà tó sì fi ọ̀pá ìtilẹ̀ bọ̀ wálé. Mo wá ṣe bí mo ti ṣe nígbà tí o wà ní pírámárì tí o kò fẹ́ sáré ìdíje: mo jókòó, mo kọ lẹ́tà sí ọ̀gá yín. Mo ní kí wọ́n jọ̀wọ́ yọ̀ǹda Dáraọlá kó má lọ sógun, pé ikọ́ ń ṣe é láti kékeré, àti pé kò lè gbé nǹkan tó wúwo, nítorí mo ti rí kọ̀ǹpútà kan ní kánsù wa, ọkùnrin méjì ló gbé e wọlé. Mo buwọ́ lù ú, mo kọ Bàbá Rẹ̀ sábẹ́, mo jù ú sínú àpótí lẹ́tà. Ìwé Fọ́ọ̀mù Fáìfù tí mo kà yìí, mi ò mọ̀ bóyá ó kéré jù ni àbí ó pọ̀ jù.

Ọjọ́ kẹta ni mo tó fi lẹ́tà rẹ han Mojírádé, tíṣà tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní kọ̀ǹpútà ní Ìkéré. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Ó ní Bàbá, kò sí ìbọn níbẹ̀, kò sẹ́ni tí yóò ru kọ̀ǹpútà lọ sójú ogun, orí àga ni wọ́n ti ń jà á. Ó wá ka ètò tí o kọ fún mi: ọ̀gá kan ṣoṣo lókè, ẹ̀ka mẹ́rin lábẹ́ rẹ̀. Ẹ̀ka kìíní ń ṣọ́ kọ̀ǹpútà àwọn ológun tọ̀sán-tòru, wọ́n ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ara wọn bí àwa náà ṣe ń ṣọ́ kòkó tí a sá kí ewúrẹ́ má bàa dé ibẹ̀. Èkejì ń tún ibi tí ọ̀tá bá já wọlé ṣe. Ẹ̀kẹta ń wá ọ̀nà wọ inú kọ̀ǹpútà ọ̀tá. Ẹ̀kẹrin, níbi tí o wà, ń kọ́ àwọn sójà yòókù kí wọ́n má máa sọ ọ̀rọ̀ ìwọlé tí wọ́n fi ń ṣí kọ̀ǹpútà wọn fún ẹnikẹ́ni. Tíṣà ni ọmọ mi! Tíṣà tó wọ bàtà sójà! Inú mi dùn, àfi ìgbà tí mo rántí lẹ́tà mi. Bí ọ̀gá yín bá kà á pé o ní ikọ́, ṣé wọn ò ní lé ọ kúrò níbi tí o fi ọdún mẹ́rin làágùn dé?

Àràárọ̀ ni mo ń lọ dúró ní pósítọ́fíìsì, mi ò lè sọ ohun tí mo ń wá. Lọ́jọ́ kẹrin tí mo ti ń lọ, Oyèwọlé tó ń ta sítáǹbù ní kí n bá òun wo ọwọ́ ìkọ̀wé kan, pé òpònú kan kọ lẹ́tà sí Ọ̀gá Ogun Kọ̀ǹpútà, Àbújá, kò lẹ̀ sítáǹbù, kò sì kọ àdírẹ́sì ara rẹ̀. Mo ní èmi ni òpònú náà. Ojú tì í, ó fẹ́ dọ̀bálẹ̀, ṣùgbọ́n èmi ni mo kọ́kọ́ dọ̀bálẹ̀ fún un, ọmọ tí mo lè bí. Ó dá lẹ́tà náà padà fún mi, Yèyé rẹ sì ti fi í dáná iyán. N kò tíì jẹ iyán tó dùn tó bẹ́ẹ̀ rí.

Mojírádé ní yàrá kọ̀ǹpútà máa ń tutù, nítorí náà jọ̀wọ́ ra súwẹ́tà. Bí owó bá wà lọ́wọ́ rẹ, fi díẹ̀ ránṣẹ́ kí a fi ra tapólì bo kòkó. Má fi owó sítáǹbù kún un o, àìsí rẹ̀ ló yọ wá. Èyí tó wà lára lẹ́tà yìí, Oyèwọlé ló lẹ̀ ẹ́, lẹ́yìn tó ka àdírẹ́sì rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Má sì sọ ọ̀rọ̀ ìwọlé rẹ fún mi láé, bí mo bá tilẹ̀ ń bẹ̀ ọ́. O ti rí bí mo ṣe rí.

Ọ̀tá kò ní mọ ọ̀rọ̀ ìwọlé rẹ. Àga tí o jókòó lé kò ní yẹ̀. Ẹsẹ̀ méjèèjì tí o gbé jáde nílé ni wàá fi rìn wọ ulé wá.

Èmi ni bàbá rẹ,
Bámijókò.