Ikọ́ Tí Kì Í Ràn

Ìyá mi ọ̀wọ́n,

Ọyẹ́ ti dé sí Ọ̀fà. Ètè ti ń bó, eruku sì ti bo òrùlé gbogbo ilé tó wà lọ́nà ibùdó rélùwéè. Àsìkò báyìí ni ẹ máa ń fi etí gèlè bo imú kí ẹ tó jọ̀ èlùbọ́. Mo ṣì ń rí yín bẹ́ẹ̀: ojú yín nìkan ló hàn, irun ojú yín rí bí eérú, ajọ̀ wà lọ́wọ́ yín. Tí ẹ bá jọ̀ ọ́ tán, ẹ ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ẹ ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé orúnkún, ẹ ó máa wá èémí. Àyà yín á máa dún bíi fèrè. Èmi á jókòó tì yín, mà á máa tẹ́tí sí i. Mo rò pé orin ni ẹ ń kọ fún mi.

Ìyá mi, ikọ́ yín ti bá mi. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún ni mí nígbà tó dé. Mo ti di tíṣà nígbà náà, mo sì ti lọ́kọ. Mò ń nu pátákó ní kíláàsì, lẹ́búlẹ́bú ṣọ́ọ̀kì ń fò, ló bá dà bíi pé ẹnìkan fún mi lọ́rùn. Mo jáde lọ di igi máńgòrò mú títí èémí fi padà. Mo sọ fáwọn ọmọ pé ẹ̀pà ló há mi lọ́fun.

Mo fi pamọ́ fún ọkọ mi fún odidi ọyẹ́ méjì, nítorí mo rántí orúkọ tí wọ́n ń pe tiyín nínú ilé wa. Ikọ́ ife ni wọ́n pè é. Mo ra ife kan àti abọ́ kan, mo kó wọn pamọ́ sẹ́yìn àpótí aṣọ, àwọn nìkan ni mo sì ń lò. Mi ò jẹ́ kí ọmọbìnrin mi sún mọ́ ẹnu mi mọ́. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í bi bàbá rẹ̀ léèrè ohun tí òun ṣe fún mi.

Ọkọ mi ló rí ife náà. Akọ̀wé rélùwéè ni, ẹ ò mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n ẹ̀ bá fẹ́ràn rẹ̀, kì í pariwo. Ó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, ó gbé ife náà lọ́wọ́.

“Ta ló ní kí o ya ara rẹ sọ́tọ̀?”

Lọ́sẹ̀ yẹn náà ló gbàyè lẹ́nu iṣẹ́, tó mú mi wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sílé ìwòsàn ńlá kan ní Ìbàdàn.

Ẹ̀ bá rí àwọn tó jókòó níbẹ̀. Mo ti rò pé ilé tiwa nìkan ni. Awakọ̀ akẹ́rù kan wà níbẹ̀, géńdé ọkùnrin, ó gbé ọwọ́ lé orúnkún bí ẹ ti máa ń ṣe gẹ́lẹ́. Obìnrin aránṣọ kan tó jókòó tì mí ń sín ṣáá, ojú rẹ̀ pọ́n. Ó ní bí òun bá ti tú ìdì aṣọ tuntun báyìí, ó di pé kí òun máa sín títí ilẹ̀ á fi ṣú. Òmíràn jẹ edé, gbogbo ara rẹ̀ lé. Kò sí ọmọdé kankan láàárín wa.

Dókítà gbọ́ àyà mi, ó gbọ́ ẹ̀yìn mi. Wọ́n ya àwòrán àyà mi, wọ́n sì yẹ kẹ̀lẹ̀bẹ̀ mi wò. Lọ́jọ́ kẹta ló pè mí wọlé.

“Kì í ṣe ikọ́ ife, Tíṣà. Ikọ́ fée ni. Kì í ràn.”

Mo ní kó tún un sọ.

“Kì í ràn. Ẹ bá ọmọ yín jẹun, ẹ bá a sùn. Nǹkan kan ni ara yín kọ̀, bí eruku tàbí èéfín. Ti ẹlòmíràn, imú àti ojú ló ń yọ ọ́ lẹ́nu. Ti ẹlòmíràn, ara rẹ̀ ló ń lé. Kò sì sí ìlú tí wọn ò ti ní in. Ní ìlú òyìnbó tí mo ti kẹ́kọ̀ọ́, àwọn àgbàlagbà tó ní in pọ̀ lọ jàra. Wọ́n ń ṣiṣẹ́ wọn, wọ́n ń tọ́mọ wọn.”

Mo bú sẹ́kún. Ó rò pé ayọ̀ ni. Ẹ̀yin ni mò ń sunkún fún.

Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí nígbà tí ẹ kó lọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n yín ní Òjòkú. Ohun tí mo mọ̀ ni pé Ìyá Alákẹ́, ẹ̀gbọ́n bàbá mi, ló lé yín nítorí ikọ́. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mo dàgbà sí, ó di irun mi, ó rán mi lọ sílé ìwé, síbẹ̀ mi ò pè é ní ìyá mi lọ́jọ́ kan. Ṣé ẹ rántí ọjọ́ tí ẹ wá wò mí nílé ìwé? Ẹ fi ewé wé dùndú, ẹ gbé e sórí òkúta, ẹ sì fà sẹ́yìn. Mò ń sáré bọ̀, ẹ bá na ọwọ́ sí mi.

“Dúró níbẹ̀, ọmọ mi. Mo ti rí ọ.”

Mo rò pé ẹ ò fẹ́ràn mi mọ́. Mo ju dùndú náà sí ewúrẹ́ lójú yín. Ẹ ò bá mi wí. Ẹ yí padà, ẹ rọra ń lọ, ẹ ń dúró mí lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Kí ló wà lọ́kàn yín lọ́nà yẹn?

Bí a ti ti Ìbàdàn dé, mi ò tíì bọ́ aṣọ ìrìn-àjò tí mo fi lọ bá Ìyá Alákẹ́. Ó ti darúgbó, ojú rẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì. Mo sọ ohun tí dókítà sọ. Ohùn mi ga. Mo ní, ẹ lé ìyá mi lásán.

Ó ní kí n jókòó.

“Èmi kọ́ ni mo lé e. Òun ló wá kúnlẹ̀ níwájú mi nínú yàrá yìí. Ẹ̀rù ń bà á kó má ràn ọ́. Mo ní kó dúró, ó kọ̀. Ó bẹ̀ mí pé kí n jẹ́ kí o rò pé èmi ni mo lé e, kí o lè bínú sí mi, kí o má máa sá tẹ̀ lé e. Mo sì gbà.”

Mo gbé orí lé itan rẹ̀. Ó fọwọ́ pa mí lórí.

Ìyá mi, oògùn mi ń ṣiṣẹ́. Ẹlòmíràn ló ń nu pátákó fún mi báyìí. Ọmọbìnrin mi ń sùn sí mi láyà. Ṣùgbọ́n ta ló di ẹ̀yin mú nígbà tí ẹ jáde nínú yàrá yẹn? Nígbà tí ẹ ń wá èémí, ta ló jókòó tì yín? Ṣé ẹ pè mí?

Ọdún mẹ́rin ni ẹ gbé ní Òjòkú kí ẹ tó kú. Òjòkú kò ju ìrìn òwúrọ̀ kan lọ. Ká ní a mọ̀ ni, ǹ bá máa rìn ín lójoojúmọ́.

Ọmọ yín tí àárò yín ò jẹ́ kó gbádùn,
Ọ̀fà.