Ọjọ́ Mẹ́sàn-án Nínú Ayé Bàbá Olówùú (1948–2021)

Ẹ̀yin ẹbí, ará àti ọ̀rẹ́ tí ẹ fi iṣẹ́ yín sílẹ̀ láti wá bá wa sin bàbá wa, a dúpẹ́, a ò ní fi irú èyí san án fún yín. Ọjọ́ kejìlá oṣù kẹta ọdún 1948 ni wọ́n bí bàbá wa, nínú yàrá kan lókè ṣọ́ọ̀bù aránbàtà tó kọjú sí ibùdókọ̀ ojú irin. Bàbá wọn ni aránbàtà ọ̀hún. Ìyá wọn sì jẹ́ aránṣọ. Ẹni tí abẹ́rẹ́ bàbá rẹ̀ ń gún awọ, tí abẹ́rẹ́ ìyá rẹ̀ ń gún aṣọ, kò lè ṣe kó má fi òwú jẹun.

Ọdún 1954 ni bàbá wa bẹ̀rẹ̀ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ọdún kejì rẹ̀ ni ìyá wọn rán wọn pé kí wọ́n mú òwú pupa wá, wọ́n sì mú òwú aláwọ̀ ewé lọ. Ìyá rò pé eré ni, wọ́n fún wọn ní ìfọ́tí kan. Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀kẹta, ìyá kó òwú méjèèjì sórí tábìlì, wọ́n ní kí ọmọ sọ ohun tó yàtọ̀ nínú wọn. Bàbá wa gbé wọn lọ́wọ́, wọ́n ní ọ̀kan wúwo díẹ̀ ju èkejì lọ. Ibẹ̀ ni ìyá ti mọ̀ pé ojú ọmọ wọn kò mọ ìyàtọ̀ láàárín pupa àti àwọ̀ ewé. Wọ́n fi pẹ́ńsù kọ orúkọ àwọ̀ sí ìdí igi tí wọ́n ká òwú kọ̀ọ̀kan mọ́, wọ́n sì kìlọ̀ fún un pé: “Má sọ fún ẹnikẹ́ni o. Wọ́n á fi ẹ́ ṣẹ̀sín.” Bàbá wa gbọ́ràn sí ìyá wọn lẹ́nu fún ọdún mẹ́rìnlélógún.

Lẹ́yìn tí wọ́n jáde ní ilé-ìwé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ ní 1967, wọ́n ṣiṣẹ́ díẹ̀ pẹ̀lú bàbá wọn. Ní 1969 wọ́n wọ ilé-iṣẹ́ tí wọ́n ti ń fi ike ṣe òwú, ibẹ̀ náà ni wọ́n sì wà títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì. Iṣẹ́ àyẹ̀wò ni wọ́n fi wọ́n sí. Wọ́n á jókòó ní ìdí tábìlì gígùn kan lẹ́bàá fèrèsé, wọ́n á máa fi àtàǹpàkò gba ara bọ́bìnì kọ̀ọ̀kan, ìyẹn páìpù tí ẹ̀rọ ká òwú mọ́. Wọ́n á dijú, wọ́n á ní, “Èyí já níbì kan nínú.” Bí wọ́n bá tú u, wọ́n á bá ibi tó já. Ibẹ̀ ni àwọn òṣìṣẹ́ ti sọ wọ́n ní Bàbá Olówùú, nígbà tí wọn kò tíì pé ọmọ ọgbọ̀n ọdún.

Ní 1975 wọ́n fẹ́ ìyá wa, olùkọ́ ilé-ìwé. Lọ́jọ́ tí bàbá wa lọ fojú han àna wọn, ìbọ̀sẹ̀ kan pupa, èkejì jẹ́ àwọ̀ ewé. Àna wọn rò pé àṣà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni, wọ́n sì yìn wọ́n. Ìyá wa kò rò bẹ́ẹ̀. Láti ọjọ́ ìgbéyàwó ni wọ́n ti ń to aṣọ ọkọ wọn sílẹ̀ láàárọ̀.

A dé 1979 báyìí. Oríṣi òwú méjì ni ilé-iṣẹ́ náà ń ṣe, méjèèjì funfun báláú, ojú lásán kò lè yà wọ́n sọ́tọ̀. Ẹ̀rọ na ọ̀kan ju èkejì lọ, nítorí náà aró kò wọ inú wọn bákan náà. Òrùka pupa ló wà lẹ́nu bọ́bìnì ọ̀kan, òrùka aláwọ̀ ewé lẹ́nu èkejì. Bàbá wa kò rí òrùka kankan yàtọ̀. Ohun tí wọ́n mọ̀ ni pé láràárọ̀ ni kẹ̀kẹ́ ẹrù ń dé pẹ̀lú àwọ̀ ewé lápá òsì àti pupa lápá ọ̀tún, wọ́n sì gbà pé òfin ilé-iṣẹ́ ni. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ẹlòmíràn to kẹ̀kẹ́ náà bó ṣe wù ú. Bàbá wa yẹ òwú wò bí ìṣe wọn, wọ́n sì da méjèèjì pọ̀ láìmọ̀. Wọ́n fi bébà wé wọn, wọ́n ti kẹ̀kẹ́ náà lọ fún obìnrin tó ń di ẹrù, ẹni tí gbogbo wa ń pè ní Àǹtí Onípáálí. Àǹtí kó wọn sínú páálí, wọ́n sì lu òǹtẹ̀ tiwọn sí i.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà ni ilé-iṣẹ́ ahunṣọ gbé aṣọ padà wá. Wọ́n ti hun ún, wọ́n ti rẹ ẹ́ láró, ìlà ìlà ló sì jáde bí ara ológbò. Àwọn ọ̀gá wo òǹtẹ̀, wọ́n bá ti Àǹtí Onípáálí. Kò sí ẹni tó wo ọ̀dọ̀ bàbá wa, nítorí Bàbá Olówùú kì í ṣàṣìṣe. Wọ́n ní kí Àǹtí lọ jókòó sílé títí àwọn yóò fi pinnu ọ̀rọ̀ wọn.

Bàbá wa mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lójú ẹsẹ̀ tí wọ́n gbọ́ pé òwú ti dàpọ̀. Ìyá wa wà nínú oyún ọmọ kejì, ẹ̀rù iṣẹ́ sì ń bà wọ́n. Ẹ̀rù ẹ̀sín ń bà wọ́n ju ti iṣẹ́ lọ. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni wọ́n fi dákẹ́, tí wọ́n ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga tó ṣófo. Wọn kò lè jẹun. Lọ́jọ́ kẹwàá wọ́n wọ ọ́fíìsì ọ̀gá àgbà, wọ́n ní, “Èmi ni mo dà á pọ̀, sà. Ojú mi ò mọ pupa yàtọ̀ sí àwọ̀ ewé.” Lọ́sàn-án ọjọ́ náà ni wọ́n pe Àǹtí padà. Wọ́n yọ bàbá wa nídìí tábìlì àyẹ̀wò, wọ́n rán wọn lọ sí yàrá tí wọ́n ti ń yọ́ ike, níbi tí ooru ti ń bo ènìyàn bí aṣọ òtútù.

Ìyà yẹn ló di oríire. Nínú yàrá yẹn ni wọ́n ti mọ iṣẹ́ náà délẹ̀, tí wọ́n sì fi dá wa lágara nílé. Wọ́n ní hóró ike tó kéré bí ìrẹsì ni nǹkan fi ń bẹ̀rẹ̀. A gbọ́dọ̀ gbẹ ẹ́ fún ọ̀pọ̀ wákàtí, nítorí bí omi díẹ̀ bá kù nínú rẹ̀, òwú á máa já. A ó yọ́ ọ, a ó fi agbára tì í gba inú irin pẹlẹbẹ tí ihò rẹ̀ kéré tó bẹ́ẹ̀ tí a ní láti gbé e sójú ìmọ́lẹ̀ ká tó rí wọn. Atẹ́gùn á mú kó tutù, ẹ̀rọ á ká a, lẹ́yìn náà ni a ó nà án. Wọ́n ní ohun tó wà nínú òwú máa ń rí rúdurùdu, nínà ló ń mú kí gbogbo rẹ̀ kọjú síbì kan náà, kó sì lágbára. Àwọ̀n apẹja, okùn ọkọ̀ ojú omi, inú táyà, òwú tí dókítà fi ń rán ojú ọgbẹ́: bàbá wa a máa nawọ́ sí gbogbo rẹ̀ bí ẹni ń júwe ìbátan. Bí ẹ bá fi búrọ́ọ̀ṣì onírun ike fọ eyín yín láàárọ̀ yìí, ẹ ti kí wọn.

Ní 1984 wọ́n dá a lábàá pé kí ilé-iṣẹ́ fi òrùka sílẹ̀, kí wọ́n máa gé ẹnu bọ́bìnì ní ẹ̀ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì, kí ọwọ́ lè mọ̀ ọ́n. Wọ́n gbà á. Òwú kò dàpọ̀ níbẹ̀ mọ́ títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì ní 2008.

Nínú ìjọ, àwọn ni alábòójútó ilé fún ọdún méjìdínlógún. Wọn kì í pẹ́, wọn kì í sì fara da ẹni tó bá pẹ́. Ní àdúgbò, wọ́n ń kọ́ àwọn aránṣọ bí a ṣe ń fi iná dán òwú wò: èyí tí wọ́n fi igi ṣe àti ti ẹ̀gbọ̀n òwú á jó bí ìwé, ti ike á yọ́, á sì le kókó. Àlejò kan yangàn nílé wa pé sílíkì ògidì ni aṣọ òun. Bàbá fa fọ́nrán kan yọ, wọ́n ṣáná sí i, ó le kókó. Oṣù méjì ni àlejò náà kò fi kí wa.

Kí wọ́n tó papò dà ní ọjọ́ kẹrin oṣù kẹjọ ọdún 2021, wọ́n pè wá jọ. “Bí ẹ bá kọ rere mi, ẹ kọ ọjọ́ mẹ́sàn-án yẹn mọ́ ọn.” Àbúrò mi ọkùnrin ní ìwé ìsìnkú kì í ṣe ilé ẹjọ́. Ìyá wa ní ká kọ ọ́. A ti kọ ọ́.

Bàbá wa fi aya sáyé, ẹni tó to aṣọ wọn fún ọdún mẹ́rìndínláàádọ́ta. Wọ́n fi ọmọ mẹ́ta sáyé: èmi nọ́ọ̀sì tí mo di kálàmù mú fún ẹbí, awakọ̀ ojú irin tó tẹ̀lé mi, àti àbíkẹ́yìn tó ń ta bàtà. Ọmọ-ọmọ méje ń bẹ, àti àbúrò bàbá wa obìnrin kan.

Ó kù kí a gbé ìwé yìí lọ fún atẹ̀wé nígbà tí Àǹtí Onípáálí wá kí wa. Wọ́n ti lé ní ọgọ́rin ọdún. A ka ibi tó kàn wọ́n fún wọn, a sì tọrọ àforíjì lórúkọ bàbá wa. Wọ́n rẹ́rìn-ín.

“Òfin ilé-iṣẹ́ wo? Èmi ni mo ń to kẹ̀kẹ́ yẹn. Ó nawọ́ sí àwọ̀ ewé lọ́jọ́ kan nígbà tí mo ní kó fún mi ní pupa, mo sì ti mọ̀. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń tètè dé. Láàárọ̀ ọjọ́ tó dàrú yẹn, mo kọ́kọ́ gbé ìyá mi lọ sílé ìwòsàn ni, mo sì pẹ́ dé.”

A bi wọ́n léèrè ìdí tí wọ́n fi jókòó sílé lọ́jọ́ mẹ́sàn-án, tí wọn kò sọ ohun tí wọ́n mọ̀.

“Bí mo bá tú u fó, kò ní lè gbójú sókè mọ́. Bó bá fẹnu ara ẹ̀ sọ ọ́, á gbójú sókè. Mo ń dúró dè é. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ò pẹ́.”

A ní ṣé wọ́n sọ fún bàbá wa rí. Wọ́n mi orí. “Kí n sọ ọ́, kó tún máa wá dúpẹ́ láràárọ̀?”

Bàbá wa, ẹ gbọ́ o. Ẹni tí ẹ ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga rẹ̀ tó ṣófo lọ́jọ́ mẹ́sàn-án wà lẹ́yìn yín látìbẹ̀rẹ̀. Ẹ sùn re, ẹ sùn pẹ̀lú ìfọ̀kànbalẹ̀.