Ọ̀gá Ní Kí N Yan Ẹnìkan

Màámi, ẹ kú ilé o. Ṣé omi òjò ti fà n'Íbàfò? Ní Manchester níbí, alhamdulilahi, mò ń jẹun dáadáa.

Iléeṣẹ́ wa ń gbèrú, ṣùgbọ́n ọ̀gá ní kí n yan ẹni tó máa lọ nínú àwọn mẹ́ta tí mò ń darí, àwọn tí a jọ ń fi kọ̀ǹpútà wá ohun tí oníbàárà máa fẹ́. Gbogbo wọn ló lọ́mọ. Mo ní, “Ẹ jẹ́ kí èmi lọ.” Mo rò pé ó máa bẹ̀ mí. Ó ní, “O ṣeun, Hikmah. A gbà.”

Ẹ má dààmú, ìsinmi dùn. Mo fọ gbogbo fèrèsé lánàá, mo tún fọ̀ wọ́n lónìí.

Ẹ bá mi kí Àǹtí Wúlẹ̀mọ̀tù. Tí wọ́n bá bi yín, ẹ ní iṣẹ́ ń lọ.

Èmi Hikmah yín.