Ìwé Tí Wọ́n Ní Kí Káyọ̀dé Tẹ̀ka Sí

Ọjọ́bọ̀, lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́.

Wọ́n ń sọ ọ́ kiri àdúgbò Adébáyọ̀ pé ọmọ mi mu ọtí kí ó tó já bọ́. Irọ́ ni. Ààwẹ̀ ni Káyọ̀dé gbà lọ́jọ́ náà. Pákó tí ó dúró lé láti máa rẹ́ ògiri ni ó ṣẹ́.

Wọ́n ní mo lé Alàgbà ìjọ wa jáde. N kò lé e. Mo fún un ní omi, ó sì mu ún.

Agbaṣẹ́ṣe tí ó gba Káyọ̀dé síṣẹ́ ni ó mú Alàgbà wá lọ́sàn-án. Agbaṣẹ́ṣe náà dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú ilé, lójú gbogbo àdúgbò, ó sì na ìwé kan sí mi láti ilẹ̀: kí Káyọ̀dé tẹ̀ka sí i pé àìṣọ́ra òun ni ó fà á.

“Màmá, a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́,” ni Alàgbà wí.

“Alàgbà, ṣé ọ̀rẹ́ ni wọ́n tẹ́lẹ̀?”

Káyọ̀dé, tí kò tíì lè dìde láti ọjọ́ tí ó já bọ́, ké láti orí bẹ́ẹ̀dì: “Màmá, ẹ jẹ́ n tẹ̀ ẹ́. Àgbàlagbà ló dọ̀bálẹ̀ yẹn.”

Ohun tí mo ń bẹ̀rù gan-an nìyẹn.

Mo gba ìwé náà. “Dìde,” ni mo wí fún agbaṣẹ́ṣe. “Ìwọ lè dìde.”

Ó dìde, ó béèrè ìwé rẹ̀. N kò dá a padà. Agbẹjọ́rò wa yóò kà á lọ́la.

Mo ti dárí ji agbaṣẹ́ṣe náà. Ní ti ìtẹ̀ka, n kò ní í bá ẹnikẹ́ni sọ ọ́ mọ́, ìbáà ṣe Alàgbà, ìbáà ṣe Káyọ̀dé fúnra rẹ̀.