Ẹ̀rọ Géèmù Tí A Rà Nítorí Chinatsu

Abúlé Kamidani,
oṣù Kejìlá.

Chinatsu ọmọ mi,

Ṣé dáadáa ni o wà ní Osaka? Ṣé ara le? Ṣé òtútù ò pọ̀ jù nínú yàrá rẹ kékeré yẹn? Àwa náà wà, a dúpẹ́. Yìnyín ti bo orí òkè, orúnkún ìyá rẹ ṣì ń dùn ún, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ ò dùn ún rárá. Àwọn baba ńlá wa tó wà nídìí pẹpẹ ilé yóò máa ṣọ́ ọ. Iṣẹ́ ò ní wọ́n ọ, ìṣẹ́ ò sì ní mọ ọ̀nà ilé rẹ.

Ohun tó jẹ́ kí n kọ lẹ́tà yìí kì í ṣe kékeré. Nígbà tí o pè lóṣù tó kọjá pé nǹkan ò rọgbọ níbi iṣẹ́, pé bóyá o ò ní lè wá sílé fún ọdún tuntun, ìyá rẹ ní ọkùnrin ló wà nídìí ẹ̀. Èmi mọ̀ pé kì í ṣe ọkùnrin. Èmi ni. Èmi ni mo ba iṣẹ́ rẹ jẹ́, mo sì fẹ́ ṣàlàyé bó ṣe ṣẹlẹ̀ kí o má baà gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn.

Ṣé o rántí ẹ̀rọ géèmù tí o fi ránṣẹ́ sí wa nígbà ooru, èyí tí iléeṣẹ́ yín ń ṣe? Inú mi dùn débi pé mo gbé e lọ sí ìpàdé àwọn àgbà àdúgbò. Ìwọ náà mọ bí a ṣe ń ṣe níbí. Nígbà tí ọmọ Kuwabara wọ iléeṣẹ́ tó ń ṣe mọ́tò, gbogbo wa la pààrọ̀ mọ́tò wa, kódà èmi tí ojú mi ò ríran dáadáa mọ́. Mo wá sọ fún wọn pé ó ti kan ọmọ tèmi báyìí, ilé mẹ́jọ ló sì ra ẹ̀rọ náà kí oṣù tó parí. Baba Kuwabara ní òun ò mọ ohun tí wọ́n ń fi í ṣe, ṣùgbọ́n ọ̀tún ló ń wẹ òsì, òsì ló ń wẹ ọ̀tún. Ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ tẹlifíṣàn, ó fi aṣọ funfun bò ó kí eruku má bà á. Ìyá Okimi tó ń gbé lẹ́yìnkùlé wa nìkan ló ń lo tirẹ̀, géèmù ẹja pípa tó bá ẹ̀rọ náà wá ló ń ṣe, ó sì ń pariwo mọ́ ẹja bí ẹni tó máa sè é lálẹ́.

Àfi ìgbà tí Morihiko, ọkọ àbúrò ìyá rẹ tó ń ta katakata fún ẹgbẹ́ àgbẹ̀, yà wá kí wa, tó sì fi mí rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú ẹ̀. Ó ní ṣé mi ò mọ̀ pé owó tí wọ́n fi ń ṣe ẹ̀rọ yẹn ju owó tí wọ́n ń tà á lọ ni? Ó ní ńṣe ló dà bí ẹni tó ń ta ìkòkò ní pọ́ọ́kú nítorí pé òun nìkan ló ní ọbẹ̀ tó lè wọ inú ìkòkò náà, pé inú géèmù téèyàn bá ń rà lẹ́yìn náà ni èrè wà. Mo ní tí ẹni tó ra ẹ̀rọ ò bá wá ra géèmù ńkọ́? Ó ní áà, irú oníbàárà bẹ́ẹ̀, díẹ̀ ló fi sàn ju olè lọ. Chinatsu, èmi ni mo fẹsẹ̀ ara mi rìn lọ kó ilé mẹ́jọ jọ láti ti iléeṣẹ́ rẹ sí gbèsè.

Lọ́jọ́ kejì mo tún wọlé tọ̀ wọ́n, mo ní kí kálukú ra géèmù, èyíkéyìí tó bá rí. Baba Kuwabara ra ti ogun, ó ra ti bọ́ọ̀lù, ó ra èyí tí àwọn ọmọge ti ń jó, kò sì ṣí ọ̀kankan wò. Ṣùgbọ́n géèmù ayé ìsinsìnyí kì í wà nínú páálí mọ́, inú afẹ́fẹ́ ló ń gbà wọlé, ó sì tóbi kọjá àlà. Kò pẹ́ tí ẹ̀rọ fi ní òun ti yó, kí a yọ nǹkan kúrò kí a tó fi òmíràn sí i. Ìyá Okimi ní irú ilé wo ni wọ́n kọ́ tí kò ní àjà. Ó fẹ́ pa ti ogun rẹ́, mo sáré dì í lọ́wọ́ mú, mo ní tó bá pa á rẹ́, èrè tó ti dé ọ̀dọ̀ yín á padà sẹ́yìn. Mo ti fòfin de pípa nǹkan rẹ́ ní gbogbo àdúgbò. Ìyá Okimi ò kí mi mọ́, torí kò ráyè fún ẹja tuntun. Morihiko ní káàdì kékeré kan wà tí wọ́n máa ń kì bọ ẹ̀rọ náà kí inú ẹ̀ lè fẹ̀ sí i, ṣùgbọ́n iléeṣẹ́ mìíràn ló ń ṣe é, àwọn ló sì ń jèrè ẹ̀. Mo ní ká má rà á, a ò lè fi tiwa sílẹ̀ ká máa bọ́ ọmọ ọlọ́mọ.

Síbẹ̀ ọkàn mi ò balẹ̀. Mo ṣa èso kákì gbígbẹ tí ìyá rẹ so sábẹ́ òrùlé, èyí tó dára jù nínú ẹ̀, mo fi ránṣẹ́ sí ọ̀gá rẹ, Ọ̀gbẹ́ni Tatebayashi. Mo ní kó má bínú, àwa ará oko ni a ò mọ̀, kó má fìyà wa jẹ ọ́.

Lánàá ó pè láti dúpẹ́, bó ti yẹ kí ẹni tó gba ẹrù ṣe. Ìyá rẹ fetí ti tẹlifóònù pẹ̀lú mi. Ó yin kákì náà, ó ní òun àtìyàwó òun ti jẹ ẹ́ tán. Ó ní ẹ̀rọ mẹ́jọ ò lè ba iléeṣẹ́ jẹ́, pé èlò tí wọ́n fi ń ṣe ibi tí géèmù ń gbé nínú ẹ̀rọ ló gbówó lórí, tí ọjà ò sì tà tó, òun ló jẹ́ kí wọ́n ti ẹ̀ka yín pa. Ó wá béèrè bóyá o ti ríṣẹ́ mìíràn, torí láti oṣù Kẹsàn-án tí o ti lọ, òun ò gbúròó rẹ mọ́.

Mo ní o ti rí. Mo ní iṣẹ́ tó dára ni. Ẹnu mi ló ṣáájú mi.

Ìyá rẹ lọ bu ìrẹsì sínú páálí, òun ló ń bọ̀ lọ́dọ̀ rẹ yìí. Nígbà tó yá ló ní owó tí o máa ń fi ránṣẹ́ dé lóṣù Kẹwàá, ó tún dé lóṣù Kọkànlá, níbo lọmọ yìí ti ń rí i? Mo sunkún, Chinatsu, mi ò ní purọ́ fún ọ.

Ọ̀gá rẹ ní kì í ṣe ẹ̀bi wa, ọmọlúàbí ni, kò lè ṣàì sọ bẹ́ẹ̀. Èmi ṣì gbà pé ọwọ́ wa wà níbẹ̀, gbogbo ilé mẹ́jọ ló sì máa bẹ̀ ọ́ tí o bá dé. Má bẹ̀rù ojú ẹnikẹ́ni níbí.

Owó tí mo fẹ́ tọrọ lóṣù yìí nìyí: èyí tí o bá fẹ́ fi ránṣẹ́ sí wa, fi wọ ọkọ̀ ojú irin, kí o máa bọ̀ nílé. Bí kò bá tó, tọwọ́ bọ abẹ́ ìrẹsì, ìyá rẹ fi nǹkan síbẹ̀. Ó ní kí n má sọ.

Ibi tí o bá forí lé, ire ni yóò máa pàdé rẹ lọ́nà. Orí rẹ ò ní sùn. Láti ọ̀la ni n ó ti máa lọ dúró dè ọ́ ní ibùdókọ̀ ojú irin, nítorí náà má jẹ́ kó pẹ́, òtútù ń mú níbẹ̀.

Èmi ni bàbá rẹ,
Tokuji.