Pósítà Tí O Fi Pa Màmá Baṣọ̀run

                                        Ilé Alágbàfọ̀, Ẹ̀yìn Ilé-Epo,
                                        Àgbówó, Ìbàdàn.
                                        Ọjọ́ kejìdínlógún, oṣù Bélú, 2025.

Ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n tẹ́lẹ̀ rí, Tìmílẹ́hìn,

Ṣé dáadáa lo wà? Ọpẹ́mipọ̀ ìyàwó rẹ ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́, ṣé ara wọn le? Màmá rẹ ní Ògbómọ̀ṣọ́ ńkọ́, ṣé ẹsẹ̀ tó ń dùn wọ́n ti fúyẹ́ díẹ̀? Oòrùn Àbújá ńkọ́, ṣé kò pọ̀ jù fún yín? Mo kí gbogbo wọn tọkàntọkàn. Ìwọ nìkan ni n kò kí. Bí mo ṣe béèrè àlàáfíà rẹ lókè yẹn, ẹ̀kọ́ ilé ló fà á. Àwọn tó tọ́ mi ní bó ti wù kí inú máa bí ènìyàn tó, kó kọ́kọ́ kí ẹni tó fẹ́ bú.

O ti pè mí pè mí, n kò gbé e. Mo mọ̀ ọ́ jù. Bí mo bá gbé fóònù, wàá ti bú sẹ́rìn-ín kí n tó la ẹnu, ẹ̀rín rẹ yóò sì ràn mí, gbogbo ọ̀rọ̀ náà á wá parí sí àwàdà bí a ti ń ṣe é láti ìgbà tí a wà ní yunifásítì. Èyí kì í ṣe àwàdà. Ìdí nìyẹn tí mo fi ra ìwé tí mo jókòó ti tábìlì. O kò lè já lu ọ̀rọ̀ mi nínú lẹ́tà.

O mọ ohun tí ojú mi rí kí n tó rí ibi tí wọ́n ti máa gbà mí láyè láti pàtẹ àwọn fọ́tò mi. Ìwọ náà tẹ̀lé mi dé ọ̀dọ̀ ọkùnrin Ring Road yẹn, ẹni tó wo àwọn àwòrán náà lọ́kọ̀ọ̀kan, tó ń mi orí bí ẹni tó ń gbọ́ wáàsí, tó wá bi mí bóyá mo ráyè wá ya ìkómọ àbúrò òun lọ́jọ́ Sọ́ńdè. O ò sì gbàgbé obìnrin ológe ti Challenge, tó ní ta ló fẹ́ gbé fọ́tò ẹni tí kò mọ̀ rí kọ́ pálọ̀ rẹ̀. Ó ní ìyá onílé ni wọ́n ń gbé kọ́ ògiri ilé, kì í ṣe ìyá onílé ẹlòmíì. Inú bí mi gan-an, nítorí òótọ́ ló sọ. Bí àwọn ará Ìbàdàn ṣe rí nìyẹn: wọ́n á ya fọ́tò títí, àmọ́ bí o bá ní iṣẹ́ ọnà ni fọ́tò, wọ́n á wò ọ́ bí ẹni tó fẹ́ ta afẹ́fẹ́ fún wọn. Nígbà tí Ọ̀gbẹ́ni Luke tó ni gálárì kékeré ní Bódìjà wá gbà mí, tó sì ní fọ́tò Màmá Baṣọ̀run ni òun máa fi ṣíwájú, mo rò pé ìyà mi ti dópin.

Má ṣe bí ẹni tí kò mọ ohun tí Màmá Baṣọ̀run jẹ́ sí mi. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ni, Àlhájà Mùtíátù tó ń ta òwú ìránṣọ, ọ̀dọ̀ wọn ni mo dàgbà sí. Nígbà tí mo fi iṣẹ́ tíṣà sílẹ̀ tí mo gbé kámẹ́rà kọ́rùn, gbogbo ẹbí ló ní orí mi dàrú. Màmá nìkan ló ní kí wọ́n fi mí sílẹ̀. Wọ́n gbà kí n ya wọ́n níbi tí wọ́n ti ń ki òwú bọ abẹ́rẹ́, tí ojú wọn wà lára abẹ́rẹ́ náà, tí ìmọ́lẹ̀ ẹnu ọ̀nà bà lé ẹ̀gbẹ́ kan ojú wọn. N kò tíì ya fọ́tò tó dára tó bẹ́ẹ̀ rí.

Àdéhùn kan péré ni wọ́n bá mi ṣe, ìwọ náà sì jókòó síbẹ̀, o ń mu ẹlẹ́rìndòdò wọn. Wọ́n ní, "Latifah, inú ilé ni kí o gbé mi kọ́ sí o, níbi tí èèyàn á ti fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wá wò mí. Má gbé ojú mi síta. Bí wọ́n bá ti rí ojú arúgbó lára ògiri ìta n'Íbàdàn yìí, ohun kan náà ni gbogbo ayé ń rò." Ìwọ lo kọ́kọ́ dáhùn. O ní, "Ẹ fọkàn balẹ̀, Màmá."

O wá ní o fẹ́ ràn mí lọ́wọ́. O ní ọjà tí a kò bá kiri, ẹni tó rù ú nìkan ló máa mọ̀ pé òun ru nǹkan. O ní kí n fi ìpolongo sílẹ̀ fún ọ, mo sì fi í sílẹ̀, nítorí pé ọ̀rẹ́ ni wá. "Ojú Ọjà" ni mo pe ìpàtẹ náà. O ní kò wọni lára, o yí i padà sí "A Kò Ní Gbàgbé", o kò bi mí. O mú fọ́tò mi, o gé ọwọ́ àti abẹ́rẹ́ kúrò, ó wá ku ojú tó ń wo ìsàlẹ̀, èyí tí ẹni tí kò mọ̀ yóò rò pé ó ti pa dé. Dúdú àti funfun ni mo ya fọ́tò náà tẹ́lẹ̀. Ìwọ tún fa ìlà dúdú yí i ká. O kọ orúkọ wọn gàdàgbà sísàlẹ̀, o kọ ọjọ́ Sátidé, aago mẹ́wàá àárọ̀, o kọ Bódìjà. Tìmílẹ́hìn, ọmọ Yorùbá ni ọ́. Kí lo rò pé ẹni tó ń sáré wọ mọ́tò ní Ìwó Road máa kà níbẹ̀?

Èyí tó burú jù ni pé ọmọkùnrin tó ń lẹ pósítà òkú lo gbéṣẹ́ fún láti Àbújá lórí fóònù. Mo wá a kàn ní Dùgbẹ̀ pẹ̀lú korobá gọ́ọ̀mù lọ́wọ́. Àárín àwọn òkú tòótọ́ ló lẹ Màmá sí, bàbá kan tó jẹ́ ọ̀gá ilé-ìwé tẹ́lẹ̀ lápá ọ̀tún, ìyá ìjọ kan lápá òsì. Mo bi í pé kí ló dé. Ó wò mí tàánútàánú, ó ní, "Àǹtí, òkú la máa ń lẹ̀ síbí o. Bọ̀ọ̀dá yẹn ò sọ pé wọn ò tíì kú. Ẹ kú ará-fẹ́ra-kù, Ọlọ́run á fi Alùjánnà kẹ́ Màmá." Mo ya pósítà náà kúrò níbẹ̀ títí èékánná mi fi ṣẹ́, àwọn èrò sì ń wò mí, wọ́n ń sọ fún ara wọn pé ìbànújẹ́ ti da orí mi rú.

Ẹni àkọ́kọ́ tó dé Baṣọ̀run ni Ìyá Ṣùkúrát, ọ̀rẹ́ Màmá láti kékeré. Kẹ̀kẹ́ kò tíì dúró tán tí wọ́n ti ń ké, gèlè wọn wà lọ́wọ́. Lórí àpótí níwájú ṣọ́ọ̀bù ni wọ́n bá Màmá, ẹ̀pà lẹ́nu. Ìyá Ṣùkúrát dúró gbagidi, wọ́n ní, "Mùtíátù, ṣé ìwọ nìyí, àbí ojú mi ló ń ṣe báyìí?" Màmá rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Lọ́jọ́ yẹn wọ́n ṣì ń rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní kí n má bú ọ jù, pé ọmọdé ló ń ṣe ọ́, pé ẹni tí wọ́n bá sọ pé ó kú tí kò kú, ẹ̀mí rẹ̀ máa ń gùn ni. Èmi náà ti ń rò pé ọ̀rọ̀ náà á rọlẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì ni Abdulmojeed gbọ́ l'Ékòó. O mọ̀ ọ́n, àkọ́bí Màmá, ẹni tí wọ́n fi èrè òwú rán nílé-ìwé títí ó fi gba dìgírì méjì. Ẹnì kan ló ya pósítà rẹ ní Challenge tó fi ránṣẹ́ sí i. Kò pe nọ́ńbà ìyá rẹ̀. Kò pè mí. Kò wọ mọ́tò wálé. Ọkùnrin kan tó ń bá a mójú tó ilé tó ń kọ́ sí Ẹlẹ́yẹlé ló pè, ó ní kó yára gbé ṣéènì àti àgádágodo lọ sí Baṣọ̀run, kó ti ṣọ́ọ̀bù náà pa kí àwọn àbúrò òun àti ẹbí tó débẹ̀. Ọkùnrin náà ṣe bí wọ́n ṣe rán an. Àkókò ìrun Alásárì ni. Màmá wà lẹ́yìn lọ́hùn-ún lórí ẹní, wọ́n ń kírun. Wọ́n gbọ́ tí irin ń dún, wọ́n rò pé oníbàárà ni. Nígbà tí wọ́n fi máa kírun tán, ilẹ̀kùn ti tì mọ́ wọn.

Wọ́n kígbe. Ọkùnrin náà gbọ́ ohùn òkú nínú ṣọ́ọ̀bù, ó sọ kọ́kọ́rọ́ nù, ó fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ, àwọn ará àdúgbò ló lé e mú. Mo ti débẹ̀ nígbà tí wọ́n fi máa já ṣéènì náà. Màmá jáde, wọ́n wọ bàtà wọn, wọ́n bi ọkùnrin náà pé ta ló rán an. Ó dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ. Ó ní, "Màmá, ẹ forí jì mí, Bọ̀ọ̀dá Abdulmojeed ni. Wọ́n ní kí n tì í kí ẹbí tó kó ọjà inú ẹ̀ pín."

Màmá ní, "Ṣé ó ní kí o wò mí?"

Ọkùnrin náà ní rárá.

"Ṣé ó béèrè ibi tí wọ́n sin mí sí?"

Ó tún ní rárá. Màmá wọlé padà, wọ́n ń to òwú.

Láti ọjọ́ yẹn, bí mo bá kí wọn, orí lásán ni wọ́n ń mì sí mi. Mo lọ bá Luke pé n kò ṣe ìpàtẹ kankan mọ́. Ó ń fọwọ́ pa ọwọ́. Ó ní gbogbo Bódìjà ló ń sọ ọ́, pé irú òkìkí báyìí kò kan gálárì òun rí, pé kí n bá òun dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ. Èébú tí mo bú u, kò tíì gbọ́ irú rẹ̀ rí. Orí èébú yẹn ni mo wà tí Màmá fi pè mí. Ọ̀rọ̀ wọn kò pọ̀. Wọ́n ní, "Má fagi lé e. Mò ń bọ̀."

Sátidé pé. Èrò wá, n kò ní purọ́ fún ọ, ohun tí o fẹ́ gbọ́ náà kúkú nìyẹn. Àwọn tí kò wo fọ́tò lẹ́ẹ̀mejì rí láyé wọn wá. Àwọn alápatà Bódìjà wà lára ògiri, àwọn apẹja Ẹlẹ́yẹlé wà níbẹ̀, iṣẹ́ tí mo fi ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún ṣe. Kò sí ẹni tó bojú wò wọ́n. Òkú tí kò kú ni wọ́n wá wò. Màmá jókòó sórí àga oníke lábẹ́ fọ́tò ara wọn, aṣọ tí wọ́n ń wọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀bù ni wọ́n wọ̀, àwọn ọ̀dọ́ sì ń fi fóònù ya ara wọn mọ́ wọn bí ẹni rí ère. Ọmọ kan tiẹ̀ ní kí wọ́n pa ojú dé díẹ̀ kó lè jọ ti pósítà. Ọlọ́run ló yọ ọmọ náà lọ́wọ́ mi.

Ìgbà náà ni Abdulmojeed wọlé pẹ̀lú àwọn àgbà méjì láti mọ́sáláṣí wọn. Ó dọ̀bálẹ̀ lórí táìsì, ó ń sunkún, ó ní iṣẹ́ ṣàìtáánì ni. Àwọn àgbà náà ń bẹ̀bẹ̀, wọ́n ní ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sí ìdí ọmọ ẹlòmíràn. Màmá wò ó títí. Wọ́n wá nawọ́ sí fọ́tò tó wà lókè orí wọn.

Wọ́n ní, "Èyí tó wà lára ògiri yìí, ìyá rẹ nìyẹn. Òun lo gbọ́ pé ó kú. Èmi tí mo jókòó yìí, mi ò tíì mọ ìyá ẹni tí mo jẹ́." Wọ́n kọjú sí mi. "Latifah, sọ ọ́ kalẹ̀, kí o fún un. Kó máa gbé ìyá ẹ̀ lọ."

Mo sọ ọ́ kalẹ̀. Fọ́tò tó dára jù tí mo yà láyé mi, mo gbé e lé Abdulmojeed lọ́wọ́, ó sì gbà á, nítorí kò mọ ohun míì tó lè ṣe. Àwọn èrò pàtẹ́wọ́. Wọ́n rò pé ara ètò ni. Luke náà pàtẹ́wọ́.

Lọ́jọ́ kejì lo fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí mi pé, "Ṣé o rí èrò? Mo ṣe é àbí mi ò ṣe é?" O ṣe é, Tìmílẹ́hìn. Gálárì kan l'Ékòó ń wá mi báyìí, wọ́n fẹ́ kí n wá sọ ìtàn ìyá tó kú tí kò kú. N kò dá wọn lóhùn, n kò sì ní dá wọn lóhùn. Kò sí arúgbó kan ní gbogbo Baṣọ̀run tó tún ń jẹ́ kí n gbé kámẹ́rà sókè lójú òun. Bí wọ́n bá ti rí mi, wọ́n á bo ojú. Má bá mi polongo ohunkóhun mọ́ láyé. Bí o bá sì dé Ìbàdàn, má yà sí ilé mi.

Bá mi kí Ọpẹ́mipọ̀, sọ fún un pé kò sí ìjà láàárín èmi àti òun. Kí àwọn ọmọ. Kí Màmá Ògbómọ̀ṣọ́, Ọlọ́run á wo ẹsẹ̀ wọn sàn.

Màmá Baṣọ̀run ní kí n kí ìwọ náà. Mo ní n kò kí ọ, wọ́n ní dandan ni. Wọ́n ní, "Sọ fún un pé mo ti dárí jì í. Bí kì í bá ṣe tiẹ̀, ǹ bá ti kú láìmọ ọmọ tí mo bí."

Ohun tí èmi ò lè dárí rẹ̀ jì ọ́ gan-an nìyẹn. Ó yẹ kí wọ́n kú láìmọ̀ ọ́n.

                                        Èmi ni ẹni tí inú ń bí sí ọ,
                                        Latifah.