Ẹ̀rọ Tó Rí Omi Nínú Àgbàdo Mi

Abà Agbẹ́kẹ̀lé, Èkìtì.

Olúmúyìwá, ọmọ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa lo wà? Kúnbi ìyàwó rẹ ńkọ́? Ìléríolúwa ọmọ ọmọ mi ńkọ́, ṣé ó ti ń jẹun dáadáa? Ọlọ́run tí kì í sùn kò ní jẹ́ kí ojú yín rí ibi, ilé yín kò ní dàrú. Ara mi le, eyín mi ló kù díẹ̀, mo sì ń fi díẹ̀ náà fọ́ egungun. Ewúrẹ́ dúdú ti bí ìbejì. Èmi fúnra mi ni mo ń kọ lẹ́tà yìí, n kò bẹ ọmọ ilé ìwé kankan, bí o bá rí ibi tí ìlà ti wọ́, tábìlì ló ń mì.

Jókòó kí o tó kà á síwájú. Mo wá sí Ìsọlọ̀ ní Èkó yín lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo sì ti padà sílé, n kò yà sọ́dọ̀ yín torí pé ẹ ò bá fi oúnjẹ dè mí mọ́lẹ̀. Ṣé o rántí ohun tí o sọ nígbà ọdún Àjíǹde, pé bí àgbàdo ọdún yìí kò bá mú owó gidi wálé, kí n gbé oko lé Ilésanmí ọmọ àbúrò bàbá rẹ lọ́wọ́, kí n wá jókòó tì yín kí n máa wo tẹlifíṣọ̀n? Mo gbọ́, n kò gbàgbé. Nígbà tí oníṣòwò tó ń ra àgbàdo lábà wa sọ iye tí kò tó ra iyọ̀, mo ní kó máa lọ. Mo ti gbọ́ pé ilé iṣẹ́ oúnjẹ adìẹ kan wà ní Ìsọlọ̀ tí owó tiwọn dára. Ṣé èmi ni n ó wá gbé ẹrù ìdọ̀tí lọ fún ará Èkó? Mo fọ gbogbo àgbàdo náà lódò bí ẹni fẹ́ ṣe ògì, mo sá a díẹ̀, ó ń dán bí eyín ọmọdé, mo dì í sápò, Ọlálérè awakọ̀ sì gbé wa.

Múyìwá, ohun tí ojú mi rí! Ọ̀gbẹ́ni kan tó ń jẹ́ Jeremy, tó ń yẹ ẹrù wò níbẹ̀, bu ẹ̀kúnwọ́ kan nínú àgbàdo mi, ó dà á sínú ẹ̀rọ kan tí kò tóbi ju rédíò bàbá rẹ lọ, nọ́ńbà yọ lójú ẹ̀rọ, ó ní Màmá, omi pọ̀ nínú àgbàdo yín. Lódò tí mo ti fọ̀ ọ́, èmi àti ẹyẹ kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀. Mo bi í bóyá Ilésanmí ló tẹ̀ ẹ́ láago, ó ní rárá, ẹ̀rọ ló rí i. Mo kúnlẹ̀ kí ẹ̀rọ náà. Ohun tó jókòó sí Ìsọlọ̀ tó rí ohun tí o ṣe lódò Èkìtì kì í ṣe ẹgbẹ́ rẹ.

Jeremy ní bí omi bá ti pọ̀ jù, wọn a máa yọ owó lórí kílò kọ̀ọ̀kan, àti pé bí wọ́n bá yọ tèmi tán, iye tó máa kù kò ní ju ti oníṣòwò abà lọ. Mo rí oko mi tó ń rìn lọ sọ́wọ́ Ilésanmí. Mo ní ẹ má yọ nǹkan kan, ẹ fún mi nílẹ̀. Mo tú àpò, mo sá àgbàdo mi sórí sìmẹ́ńtì lẹ́gbẹ̀ẹ́ géètì wọn. Àwọn onítírélà ń tẹ fèrè, wọ́n ní Ìyá arúgbó, ẹ kúrò lọ́nà, mo ní ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ gba ẹ̀gbẹ́, àbí ẹ kì í jẹ adìẹ? Hassanat tó ń gbálẹ̀ níbẹ̀ ló gbà mí sílé rẹ̀ ní Bọ́ládé títí àgbàdo fi gbẹ.

Ẹ̀rọ wá gbà pé ó gbẹ, ṣùgbọ́n Jeremy fi ajọ̀ jọ̀ ọ́, ó rí iyanrìn, ó ní wọ́n máa yọ owó iyanrìn. Mo ní iyanrìn abà wa pupa, èyí dúdú, tiyín ni, ẹ̀yin lẹ jẹ mí lówó pé mo bá yín ru ú. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí, àmọ́ ó ní ajọ̀ kì í bèèrè ìlú iyanrìn. Èmi àti Hassanat jọ̀ ọ́ tán pátá, mo sì kó iyanrìn wọn fún wọn lẹ́nu géètì.

Lẹ́yìn náà la tún kó o sínú ọkọ̀ Ọlálérè, ọkọ̀ náà gun irin òṣùwọ̀n pẹ̀lú àgbàdo, ó tún gùn ún lófìfo, wọ́n sì yọ ọkọ̀ kúrò lára àgbàdo láì fọwọ́ kàn án! Àgbàdo mi fúyẹ́ ju bí mo ṣe rò lọ, Jeremy ní omi tó ti lọ kì í ṣe àgbàdo tẹ́lẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára. Owó àwọn alábàárù nìkan ni wọ́n yọ, nígbà tí mo sì sanwó ọkọ̀ fún Ọlálérè tán, ohun tó ṣẹ́ kù ju ti oníṣòwò abà lọ dáadáa.

Nítorí náà, sọ fún Ilésanmí kó wá oko tirẹ̀. Mo ti ń ṣán igbó fún àgbàdo kejì. Fi owó tapólì tó fẹ̀ tí n ó máa sá àgbàdo lé ránṣẹ́, kí o sì bá mi bèèrè iye tí wọ́n ń ta ẹ̀rọ náà, torí ìyàwó pásítọ̀ ń tẹnu mọ́ ọn pé ẹ̀wà òun gbẹ.

Ohun tó jẹ́ tìrẹ, ẹnikẹ́ni kò ní rí nǹkan kan yọ níbẹ̀. Bí wọ́n bá gbé ọ lé òṣùwọ̀n, wàá tẹ̀wọ̀n. Wàá sin mí, mi ò ní sin ọ́.

Èmi ni ìyá rẹ,
Morọ́lá, àgbẹ̀.